Arthur Eddington, ẹni tí ó wọn ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ní erékùṣù Príncipe

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2006, nígbà tí agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ti kọjá díẹ̀, ilẹ̀ ṣú ní Atakpamé. Òṣùpá ti bọ́ sí àárín oòrùn àti ayé, ó sì bo oòrùn mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹni tí ó ti gbọ́njú nígbà náà kò lè gbàgbé òwúrọ̀ tí ó di òru yẹn.

Irú òkùnkùn bẹ́ẹ̀ ti ṣú rí, ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1919, ní Príncipe, erékùṣù kékeré kan nínú òkun kan náà tí ó ń fọ etíkun Lomé. Ọkùnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan wà níbẹ̀ tí kò ráyè gbójú sókè. Ó ń pààrọ̀ àwo dígí nínú ẹ̀rọ tí ó fi ń ya fọ́tò. Orúkọ rẹ̀ ni Arthur Stanley Eddington. Àwo dígí wọ̀nyẹn wà lára ohun tí ó fi han aráyé pé oòrùn ń tẹ ọ̀nà ìmọ́lẹ̀, àti pé ìtẹ̀sí náà pọ̀ ju bí àwọn àgbà onímọ̀ ti ṣírò rẹ̀ lọ.

Wọ́n bí Eddington ní ọjọ́ 28 oṣù kejìlá ọdún 1882, ní ìlú Kendal, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni bàbá rẹ̀. Ọmọ kékeré ni Arthur wà nígbà tí ibà tífọ́ọ̀dù pa bàbá náà ní ọdún 1884. Ìyá rẹ̀ kó òun àti Winifred, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, lọ sí Weston-super-Mare, ìlú kan ní etíkun. Owó ọwọ́ opó yìí kò pọ̀, nítorí náà ilé ni ọmọ náà ti kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ní kí ó tó mọ ìwé kà ni ó ti mọ ìlọ́po nọ́ńbà dé 24 lọ́nà 24 lórí. Èyí kò ní ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu ní ọjà Atakpamé, níbi tí àwọn ìyá wa ti ń ṣírò èrè àti gbèsè láìmú gègé lọ́wọ́, tí àṣìṣe kì í sì í sí níbẹ̀.

Ẹ̀bùn owó fún àwọn ọmọ tí ó mọ̀wé ni ó rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Manchester ní ọdún 1898. Kò tíì pé ọmọ ọdún 16 nígbà náà. Láti ibẹ̀ ni ó ti lọ sí yunifásítì Cambridge. Ní ọdún 1904, ó gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdánwò ìṣirò tí ó le jù lọ níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì kankan kò gba ipò yẹn rí ṣáájú rẹ̀. Ní ọdún 1913, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Cambridge. Ní ọdún kejì, wọ́n fi ilé ìwòràwọ̀ yunifásítì náà sí abẹ́ rẹ̀. Ó kó ìyá rẹ̀ àti Winifred wá síbẹ̀. Kò gbéyàwó títí ó fi kú. Ó fẹ́ràn láti máa gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn, a sì máa kọ iye ibùsọ̀ tí ó rìn lójoojúmọ́ sílẹ̀, nítorí ẹni tí ó fẹ́ràn nọ́ńbà kì í fi nọ́ńbà sílẹ̀ nígbà ìsinmi pàápàá.

Ohun kan kù nípa ìdílé rẹ̀. Ọmọ ìjọ Quaker ni wọ́n. Ìjọ Kristẹni ni, àwọn ọmọ rẹ̀ a sì máa pe ara wọn ní Ọ̀rẹ́. Nínú ìgbàgbọ́ wọn, a kì í gbé ohun ìjà sí ènìyàn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé díẹ̀ ni ó kù kí ó ti Eddington dé ẹ̀wọ̀n.

Kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí a mọ ìbéèrè tí ó gbé e dé Príncipe.

Ní ọdún 1687, Isaac Newton, tí òun náà ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Cambridge, tẹ ìwé ńlá kan jáde. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé agbára tí ó ń fa ọsàn bọ́ láti orí igi ni ó so òṣùpá mọ́ ayé, òun náà ni ó so ayé mọ́ oòrùn. Agbára yìí ni à ń pè ní òòfà. Ohun tí ó bá wúwo ń fa ohun mìíràn mọ́ra. Ǹjẹ́ ó lè fa ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú? Newton béèrè, ṣùgbọ́n kò ṣírò rẹ̀ fún wa. Ará Jámánì kan, Soldner, ni ó ṣe ìṣirò náà ní ọdún 1801. Ó mú ìmọ́lẹ̀ bí ẹni pé òkò ni, òkò tí eré rẹ̀ tó 300 000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí òkò bẹ́ẹ̀ bá gba ẹ̀gbẹ́ oòrùn kọjá, oòrùn yóò fà á díẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ yóò sì tẹ̀.

Báwo ni ìtẹ̀sí náà ti tó? Ẹ pín òbíríkítí kan sí ọ̀nà 360. Ìpín kọ̀ọ̀kan ni dígírì kan. Ẹ wá pín dígírì kan ṣoṣo sí ọ̀nà 3600. Ìpín tín-ín-rín yẹn ni sẹ́kọ́ńdì igun kan. Bí a bá tẹ̀lé ọ̀nà Newton, ìmọ́lẹ̀ tí ó gba etí oòrùn kọjá yóò tẹ̀ ní nǹkan bí 0,87 sẹ́kọ́ńdì igun. Kò tó ẹyọ kan.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1915, Albert Einstein, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Berlin, olú-ìlú Jámánì, mú èrò tuntun jáde. Ẹ wo èèrà tí ó ń rìn lórí ẹ̀yìn igbá. Kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì; tààrà ni ó ń lọ. Síbẹ̀ ọ̀nà rẹ̀ tẹ̀, nítorí pé igbá fúnra rẹ̀ ni ó tẹ̀. Ohun tí Einstein sọ nípa oòrùn fara jọ èyí. Oòrùn kò fi okùn fa ìmọ́lẹ̀. Ìwúwo rẹ̀ ni ó tẹ àyè tí ó yí i ká, tí ó sì mú kí àkókò pàápàá máa falẹ̀ díẹ̀ nítòsí rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń gba ọ̀nà tí ó tọ́ jù lọ nínú àyè tí kò tẹ́jú mọ́. Ìlàjì ìtẹ̀sí rẹ̀ wá láti inú àkókò tí ó falẹ̀. Ìlàjì yìí bá iye ti Newton mu. Ìlàjì kejì wá láti inú àyè tí ó tẹ̀, èyí tí kò sí nínú ìmọ̀ Newton rárá. Àpapọ̀ méjèèjì jẹ́ nǹkan bí 1,75 sẹ́kọ́ńdì igun. Ìlọ́po méjì ni.

Ìdáhùn mẹ́ta ni ó ṣeé ṣe nígbà náà: kí ìmọ́lẹ̀ má tẹ̀ rárá, kí ó tẹ̀ bí Newton yóò ti wí, tàbí kí ó tẹ̀ bí Einstein ti wí. Àmọ́ ìràwọ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn kò ṣeé rí, nítorí pé oòrùn mọ́lẹ̀ jù. Kò sí ìgbà tí a lè rí i àfi ìgbà tí òṣùpá bá bo oòrùn. A ó ya fọ́tò ìràwọ̀ wọ̀nyí nígbà náà. A ó sì fi í wé fọ́tò ìràwọ̀ kan náà tí a yà lóru, ní àkókò mìíràn nínú ọdún, nígbà tí oòrùn kò sí lẹ́bàá wọn. Bí oòrùn bá tẹ ìmọ́lẹ̀ wọn, yóò dà bí ẹni pé wọ́n sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn díẹ̀. Iye tí wọ́n fi sún ni yóò dá ẹjọ́ náà.

Kí Einstein tó parí ìṣirò rẹ̀ gan-an ni àwọn kan ti gbìyànjú. Àwọn onímọ̀ ará Jámánì lọ sí Crimea, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, láti wo oòrùn tí yóò ṣú ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1914. Ogun ńlá bẹ́ sílẹ̀ láàárín Jámánì àti Rọ́ṣíà kí ọjọ́ náà tó pé. Àwọn ará Rọ́ṣíà mú wọn, wọ́n sì gba ẹ̀rọ wọn. Ogun kan náà ni ó dé Atakpamé ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ, àwọn ará Jámánì fi ọwọ́ ara wọn ba ilé-iṣẹ́ rédíò ńlá tí wọ́n kọ́ sí Kamina jẹ́, kí ó má baà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Láti Kamina ni wọ́n ti ń bá Jámánì sọ̀rọ̀ láìlo okùn. Àwókù rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Láàárín ogun yìí, ìwé láti Berlin kò lè dé Cambridge tààrà. Willem de Sitter, onímọ̀ ìràwọ̀ kan ní ilẹ̀ Hólàǹdì tí kò sí nínú ogun náà, ni ó kọ iṣẹ́ Einstein ránṣẹ́ sí Eddington. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ gbọ́ ohunkóhun tí ó bá ti Jámánì wá. Eddington jókòó, ó kà á, ó sì yé e. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀.

Ní ọdún 1916, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé kí àwọn ọkùnrin wọ iṣẹ́ ológun ní dandan. Yunifásítì bẹ̀bẹ̀ fún Eddington, ó ní iṣẹ́ rẹ̀ wúlò fún orílẹ̀-èdè. Wọ́n dá a sí. Ní ọdún 1918, ìjọba fẹ́ gba àyè náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè dákẹ́ kí àwọn ọ̀gá rẹ̀ máa bẹ̀bẹ̀ lọ. Kò dákẹ́. Ó dúró níwájú ìgbìmọ̀, ó sì sọ pé ẹ̀rí-ọkàn òun kò jẹ́ kí òun jagun, nítorí ìgbàgbọ́ òun. Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn létí ẹnikẹ́ni ní àkókò tí àwọn ọmọ ìyàwó àti ọmọ opó ń kú lójú ogun. Àwọn tí wọ́n sọ irú rẹ̀ wà nínú ẹ̀wọ̀n káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Frank Dyson ni ó gbà á sílẹ̀. Dyson ni olórí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ìjọba. Òun ni ó ti rí i láti ọdún 1917 pé ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1919 yóò dára púpọ̀, nítorí pé oòrùn yóò wà láàárín ọ̀wọ́ ìràwọ̀ tí ó mọ́lẹ̀ dáadáa. Ó kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ náà pé a nílò Eddington fún iṣẹ́ yìí. Wọ́n fún un ní oṣù méjìlá, lórí àdéhùn pé kí ó múra ìrìn-àjò náà sílẹ̀. Bí ọkùnrin tí ó kọ̀ láti pa ará Jámánì ṣe di ẹni tí yóò yẹ ọ̀rọ̀ ará Jámánì wò nìyẹn. Ogun parí ní oṣù kọkànlá ọdún 1918, ó sì ku oṣù díẹ̀ péré láti tún ẹ̀rọ ṣe.

Wọ́n pín ara wọn sí ọ̀nà méjì. Crommelin àti Davidson lọ sí Sobral, ní ilẹ̀ Bràsíl. Eddington àti Cottingham, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ aago, lọ sí Príncipe. Wọ́n fi Liverpool sílẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù kẹta, wọ́n sì gúnlẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin.

Abẹ́ àwọn Potogí ni Príncipe wà nígbà náà. Erékùṣù kòkó ni. Àwọn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó náà kì í ṣe ọ̀lẹ̀ tàbí ẹni tí ó fẹ́ràn àjò. Púpọ̀ nínú wọn ni a ti kó wá láti Àǹgólà lábẹ́ àdéhùn tí kò jẹ́ kí wọ́n padà sílé mọ́. Ìwà náà burú dé ibi pé, ní ọdún 1909, àwọn ilé-iṣẹ́ ṣokoléètì ńlá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn onílé-iṣẹ́ kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ìjọ Quaker bí Eddington, kọ̀ láti ra kòkó ibẹ̀ mọ́. Ní oko ńlá tí à ń pè ní Sundy ni Eddington dé sí. Ọkọ̀ kékeré orí irin ni ó gbé ẹrù náà lọ sí oko, ṣùgbọ́n ó ku nǹkan bí kìlómítà kan nínú igbó tí irin kò dé. Orí àti èjìká àwọn aláàárù ọmọ Áfíríkà ni dígí olówó iyebíye wọ̀nyẹn gbà kọjá. Kò sí èyí tí ó fọ́. Ìwé tí wọ́n kọ nípa ìrìn-àjò náà dárúkọ oníoko; kò dárúkọ ẹni kan ṣoṣo nínú àwọn aláàárù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, òjò alárá rọ̀. Ó dá kí ọ̀sán tó pọ́n, ṣùgbọ́n ìkùukùu kò kúrò. Nígbà tí yóò fi di agogo kan ààbọ̀ ọ̀sán, oòrùn ń yọjú, ó ń sá pamọ́. Ní agogo méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlá, òkùnkùn dé. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni wọ́n ní. Wọ́n ya fọ́tò 16. Eddington gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan láti mọ̀ pé oòrùn ti ṣú lóòótọ́, ó sì tún gbójú sókè lẹ́ẹ̀kejì láti mọ bí ìkùukùu ti tó. Nǹkan tí a rìn láti Liverpool wá wò, kò wò ó.

Ìkùukùu ti ba èyí tí ó pọ̀ jù jẹ́. Nínú díẹ̀ tí ó gbẹ̀yìn ni ìràwọ̀ ti hàn, méjì péré ni ó sì wúlò fún ìwọ̀n. Ìràwọ̀ márùn-ún ni ó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iye tí ìràwọ̀ wọ̀nyí fi sún lórí dígí kò tó ìdá kan nínú ogún mílímítà kan. Ẹ gbé owó ẹyọ kan síwájú ẹnìkan tí ó dúró ní nǹkan bí kìlómítà mẹ́ta sí yín: bí owó náà ṣe kéré lójú rẹ̀ ni sẹ́kọ́ńdì igun 1,75 ṣe kéré. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní Sundy, Eddington wọn àwo kan, ó sì rí i pé ó sún mọ́ iye Einstein. Ó padà dé ilé ní oṣù keje, oṣù kan náà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí pípín Tógò láàárín ara wọn.

Nígbà tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jọ, Príncipe fún wọn ní 1,61. Ṣùgbọ́n ìdánilójú rẹ̀ kò pọ̀, ó lè fi 0,30 lé tàbí kí ó fi dín. Ojú ọ̀run mọ́ ní Sobral. Ẹ̀rọ kékeré tí ó wà níbẹ̀ fún wọn ní 1,98. Ẹ̀rọ ńlá ibẹ̀ ni ó dá wàhálà sílẹ̀: ooru oòrùn ti yí dígí rẹ̀ padà díẹ̀, ìràwọ̀ inú fọ́tò rẹ̀ sì ṣe bàìbàì. Iye tí ó mú wá jẹ́ 0,93, èyí tí ó sún mọ́ ti Newton. Dyson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pa á tì. Lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn kan bínú, wọ́n ní ìfẹ́ Einstein ni ó di Eddington lójú. Òótọ́ ni pé ó ti gba èrò náà gbọ́ kí ó tó wọ ọkọ̀, ìbéèrè náà sì tọ́ láti béèrè. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Dyson ni àwo Sobral wà, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ ìgbàlódé tún àwọn àwo tí wọ́n pa tì yẹn wọ̀n ní ọdún 1979, iye tí ó jáde jẹ́ nǹkan bí 1,55. Ó ti kúrò lẹ́yìn Newton.

Wọ́n kéde àbájáde náà ní London ní ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá ọdún 1919, níwájú àwòrán Newton tí ó wà lára ògiri. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, orúkọ Einstein ti gbòde. Ní ọdún 1922, àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà tún wọn ìmọ́lẹ̀ ní Ọsirélíà, ọ̀rọ̀ sì bá ọ̀rọ̀ mu. Lónìí, ìgbì rédíò tí ó ń ti ojú ọ̀run wá ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹbí ìmọ́lẹ̀ ni ìgbì rédíò, irú èyí tí Kamina ń rán lọ sí Jámánì, oòrùn sì ń tẹ̀ ẹ́ bí ó ti ń tẹ ìmọ́lẹ̀.

Eddington di olókìkí. Ní ọdún 1920, ó sọ pé ó ṣeé ṣe kí ohun tí ó ń mú ìràwọ̀ jó jẹ́ háídírójìn tí ó ń di hílíọ́ọ̀mù. Òtítọ́ sì ni. Ọba fi oyè dá a lọ́lá ní ọdún 1930.

Ní ọdún yẹn kan náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé Cambridge láti ilẹ̀ Íńdíà, tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Chandrasekhar ni orúkọ rẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ fi hàn pé bí ìràwọ̀ tí iná rẹ̀ ti kú bá wúwo ju ìwọ̀n kan lọ, kò ní sí ohun tí yóò dá a dúró mọ́. Yóò máa fún pọ̀ sínú ara rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1935, ó gbé e wá síwájú àwọn àgbà ní London. Eddington dìde lẹ́yìn rẹ̀, ó fi í ṣe ẹ̀fẹ̀, àwọn ènìyàn sì rẹ́rìn-ín. Ó rí ibi tí ìṣirò náà ń lọ ju ẹnikẹ́ni lọ: òòfà irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò le dé ibi pé ìmọ́lẹ̀ kò ní lè jáde nínú rẹ̀ mọ́. Ọkùnrin tí ó wọn bí ìmọ́lẹ̀ ti ń tẹ̀ kò gbà pé ìmọ́lẹ̀ lè há. Ó ní kò yẹ kí òfin kan má sí tí yóò dènà irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Òfin náà kò sí. Ọmọ Íńdíà náà ni ó tọ̀nà, ṣùgbọ́n nítorí ọlá àgbàlagbà yìí, ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà bẹ́ẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1983. Kò di Eddington sínú. Nígbà tí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti bí ọ̀gá náà, Chandrasekhar ni ó lọ sọ̀rọ̀ ìyìn nípa rẹ̀ ní Cambridge.

Àrùn jẹjẹrẹ pa Eddington ní Cambridge ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 1944. Ogun kejì pẹ̀lú Jámánì kò tíì parí. Ní Sundy, wọ́n fi òkúta ìrántí sí ibi tí ó to ẹ̀rọ rẹ̀ sí ní ọdún 2009, nígbà tí ó pé 90 ọdún tí ó ti wá síbẹ̀.